Bí Mo Ṣe Dán Àrá Kékeré Wò

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn Sheep Creek, mo mọ̀ pé páńkéèkì wà níwájú yín, mo sì mọ̀ pé kò sí oúnjẹ tó ń tutù kíákíá bíi èyí tí wọ́n ń ka ìwé lé lórí. Ẹ fara dà á fún mi. Mo ti bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kó má jókòó títí yóò fi ka tèmi yìí tán, nítorí mi ò ní èémí tí mo lè fi sọ ọ́ fúnra mi mọ́. Ọkàn mi ti gbó. Dókítà tó wà ní ìlú Billings fi ìka tọ́ àwòrán rẹ̀ fún mi bí ìgbà tí mẹkáníìkì bá ń fi táyà tó ti jẹ tán han onímọ́tò, ó ní bí mo bá ń gbèrò àtira ẹ̀wù òtútù tuntun fún ọdún tó ń bọ̀, kí n yáa fi owó náà jẹun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ti dàgbà tó ẹni tó ń kú. Àmọ́ irọ́ kan wà tí mo pa mọ́ Lyle Beckwith, mi ò sì lè gbé e wọnú ilẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ gbà gbọ́ nípa bí Lyle ṣe pàdánù apá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sè é, ẹ̀yin náà sì bá mi jẹ ẹ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Orrin Haugen, tíṣà lítíréṣọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdajì yín jókòó níwájú mi ní kíláàsì, ẹ sùn. Ìdajì kejì ń ka àyẹ̀wò ìbọn tí mo ń kọ sínú ìwé ìròyìn olóṣooṣù, ìyẹn ni ẹ kì í sùn sí. Nínú àwòrán tó máa ń wà lókè ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀, mo dé àkẹtẹ̀ dúdú, mo di apá mọ́ àyà, mo tẹjú mọ́ ọ̀kánkán bí ẹni pé béárì ló ń ya fọ́tò náà. Àkẹtẹ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Olóòtú ìwé ìròyìn ló yá mi. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ọwọ́ Irin, nítorí ìdíje àtijọ́ kan tí mo ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo yin ìbọn ìléwọ́ ńlá tí àwọn ọkùnrin mìíràn ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ. Ohun tí mi ò jẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé làkúrègbé ti wọ ìdí àtàǹpàkò mi ọ̀tún. Nígbà tí àlejò bá wà nílé mi, tí ìgò ata kíkan bá wà lórí tábìlì, màá ní, “Ẹ bá mi ṣí i, ọwọ́ mi dọ̀tí.” Ọwọ́ mi kò dọ̀tí. Kò lè ṣí i ni.

Ìgbà tí ọwọ́ mi wà báyìí ni àwọn aṣebọn kan fi ìbọn ìléwọ́ tuntun ránṣẹ́ sí mi kí n dán an wò, bóyá ó dára fún pápá ìyìnbọn, bóyá ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ fi gba ara rẹ̀ là. Wọ́n sọ ọ́ ní Àrá Kékeré. Ó kéré lóòótọ́. Ó lè sápamọ́ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì láìyọ ṣóńṣó, kò sì wúwo ju búrẹ́dì kékeré kan lọ. Ọta márùn-ún ló ń wọ àgbá rẹ̀, ìyẹn irin róbótó tó máa ń yí po láàárín ìbọn láti gbé ọta kan tẹ̀lé òmíràn bọ́ sójú ihò. Oríṣi ọta méjì ló ń gbà. Ọ̀kan gùn, ó le, ó ń dún bí ọ̀run tó fẹ́ ya; mágínọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Èkejì kúrú, ó rọ̀, ihò kan náà ló sì ń wọ̀. Àṣà wa nìyí, ẹ má ṣe wo ara yín lójú: gbogbo ọkùnrin tó bá ra irú ìbọn yìí, mágínọ́ọ̀mù ló ń sọ lẹ́nu, ọta tó rọ̀ ló ń yìn ní pápá. Mo ti jókòó pẹ́ tó lórí bẹ́ǹṣì pápá wa láti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ nípa ọkùnrin kan, kó má gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó lọ wo ìkarahun ọta tó ti yìn, èyí tó ń gbá sínú garawa.

Garland Pugh, olóòtú ìwé ìròyìn wa, wá fúnra rẹ̀ láti ya àwòrán, nítorí kì í fẹ́ sanwó fún ayàwòrán. Ó ju mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì jù mí lọ nínú ọgbọ́n àyínìke. Ọta tó rọ̀ ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Ẹ̀yin ará, ìbọn náà dùn ún yìn! Fífà rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó dúró sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹyin, gbogbo ihò tí mo lu sára bébà àmì kò ju ẹnu kọ́ọ̀bù kọfí lọ. Ohun rere tí mo kọ nípa rẹ̀ lórí èyí, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Irọ́ tó bá máa pẹ́ láyé nílò òótọ́ púpọ̀ tí yóò fi ṣe aṣọ. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí páálí mágínọ́ọ̀mù, tuntun láti ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọta ìtajà ni. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹ̀tù sí i nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn fún mi.

Ọta àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn fi àtẹ́lẹwọ́ gba òòlù. Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni. Mo yin èkejì, mi ò mọ ibi tó lọ. Mo fa ẹ̀kẹta, kò dún. Mo tún fà á. Àgbá kò yí. A fi agbára ṣí i, èmi àti Garland jọ tẹ orí sí i, a sì rí ohun tó ṣe é. Bí ìbọn tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ta sẹ́yìn pẹ̀lú ọta tó le bẹ́ẹ̀, títa náà máa ń fa orí àwọn ọta tó kù yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú ìkarahun wọn, títí ọ̀kan yóò fi yọrí síta, tí yóò há, tí àgbá kò sì ní lè yí mọ́. A kó wọn dànù, a ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ó tún há. Mo ti ọwọ́ bọ inú àpótí yìnyín tí Garland fi ń gbé ohun mímu kiri, mo fi í síbẹ̀.

“Ọwọ́ rẹ ló rọ̀,” Garland wí.

“Ọ̀gá, ẹ wo orí ọta níta! Ṣé ọwọ́ mi ló fà á yọ ni?”

“Mo rí i. Ojú mi ò fọ́. Ta ló máa gbà? Gbogbo ìwé ìròyìn yòókù ló ti pọ́n ọn lé. Bí ìwọ bá dìde pé ó há, wọn ò ní sọ pé ìbọn burú o, Orrin. Wọ́n á ní Ọwọ́ Irin ti dogbó. Àbí ṣé kí n kọ ọ́ pé ọta mélòó kan péré lo yìn, o wá ń fi ọwọ́ sínú yìnyín láàárín bíà mi?”

Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ sì ni ìyà wa wà. Láàárín àwa ayìnbọn, ìbọn kì í jẹ̀bi. Bí ó bá há, ọwọ́ ẹni tó dì í mú ló rọ̀, tàbí òróró ni kò fi sí i, tàbí ọta tó dì nílé ni kò dára. A ti ń dá ọwọ́ lẹ́bi láti ìgbà bàbá wa, nítorí ọwọ́ kò ní ilé iṣẹ́ tó ń polówó. Mo wo àtàǹpàkò mi tó ti wú. Mo ní, “Ẹ bá mi mú ọta tó rọ̀ wá.” Garland fi mágínọ́ọ̀mù kan ṣoṣo sí i fún àwòrán, kí iná lè yọ lẹ́nu ìbọn dáadáa. Ohun tí mo kọ nìyí, mo mọ̀ ọ́n lórí: “Mo yin mágínọ́ọ̀mù nínú rẹ̀ títí ó fi sú mi, kò há lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ń wọ igbó béárì lọ́la, òun ni màá fi sí ìbàdí.” Mo tún ṣe ohun kan lẹ́yìn èyí. Mo pe àwọn aṣebọn lórí fóònù, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún ẹnjiníà wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n fi irin kún èyí tí wọ́n ń ṣe, ó wúwo sí i, wọn ò sì wí nǹkan kan fún àwọn tó ti ra ti àkọ́kọ́. Ẹ wá rí irú ènìyàn tí mo jẹ́: àlejò tí mi ò fojú rí rí ni mo sọ òtítọ́ fún.

Lyle ni mo pa irọ́ fún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kàn mọ̀ ọ́n sí bàbá alápá kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Òun ló ń fi ìbaaka kó àwọn ọdẹ wọ orí òkè ní àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín, òun náà ló sì mọ ọta dì jù ní gbogbo agbègbè yìí. Nínú gáréèjì rẹ̀, lórí tábìlì kan tó gbẹ́ fúnra rẹ̀, ó máa ń wọn ẹ̀tù bí ẹni ń wọn oògùn ọmọdé, yóò ti orí ọta bọ ìkarahun, yóò fún ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn, yóò wá fi aṣọ nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú yín kì í yin ọta mìíràn yàtọ̀ sí tirẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi, Ardis, kú, Lyle wá sùn sórí àga gbọọrọ ní pálọ̀ mi fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Kò gbà mí nímọ̀ràn, kò ka Bíbélì sí mi létí. “Jẹun” nìkan ló ń sọ. Ọkùnrin yẹn ló wá sí kíṣìnì mi pẹ̀lú ìwé ìròyìn tó ká sọ́wọ́, Twila ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú páì ápù tó gbóná.

“Tíṣà,” ó ní, “mo ti ka gbogbo àrokọ rẹ. Bébà ni bébà. Ẹnu rẹ ni mo wá gbọ́. Ìbọn ńlá tí mo ń gbé kiri ti fẹ́ yọ mí ní ìbàdí.”

“Mo ní kó gbé agolo ata bíi tèmi,” Twila wí. Ata tí wọ́n ń fọ́n sí béárì lójú ló ń sọ. “Ata kì í dun èèyàn ní ìbàdí.”

“Ata! Ṣé a fẹ́ sè é ni?”

“Ọjọ́ tó bá dé, a ó mọ ẹni tí wọ́n máa sè.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lyle wá tẹ orí sún mọ́ mi, ó ní, “Sọ fún mi ní tòótọ́. Pẹ̀lú ọta tó le, ti béárì, ṣé kò ní há mọ́ mi lọ́wọ́?” Mo búra fún yín, mo ya ẹnu. Òtítọ́ ti dé orí ahọ́n mi, ó kù kí n tu ú síta. Ni Lyle bá mi orí, ó wo ọwọ́ mi lórí tábìlì, ó ní, “Ní ọjọ́ orí wa yìí! O yin irú nǹkan bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú ọ? Ọwọ́ yìí, Tíṣà, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìyanu sí ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ.” Ẹ̀yin ará, mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa àwọn ọba tí ìyìn pa, mo sì ti fi irú wọn dá ìbéèrè ìdánwò fún yín. Mo rọra fa ọwọ́ náà sábẹ́ tábìlì. “Ra á,” mo wí. “Kò há rí.” Mo jẹ ègé páì Twila méjì.

Ó rà á. Nígbà ìwọ́wé ọdún náà, àwọn ọdẹ tó kó wá ti pa àgbọ̀nrín ńlá kan, wọ́n sì ti kọjá sí àgọ́. Òun àti Twila ló dúró lẹ́yìn tí wọ́n ń kun ún. Ọ̀sán ni, oòrùn wà. Twila ló sọ ọ́ fún mi bí ó ṣe rí. Béárì náà kò bú, kò kìlọ̀. Àárín igi ló ti sáré jáde bí ẹni tó gbàgbé nǹkan nílé. Lyle fa Àrá Kékeré yọ. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó ba béárì ní èjìká. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Twila ní òun rí ọkọ òun tó ń fà á, tó ń fà á, bí ẹni tó ń fa ilẹ̀kùn tí wọ́n tì láti inú. Béárì mú un ní apá òsì, ó sì ń mì ín. Obìnrin yẹn sáré tọ̀ wọ́n lọ, kò sá, ó sì tú gbogbo agolo ata náà dànù. “Mo da á sí béárì, mo da á sí Lyle, mo da á sí ara mi,” ó ní, “àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń sunkún nínú igbó kan náà.” Béárì sá lọ. Ní Billings, wọ́n gé apá Lyle lókè ìgúnpá.

Kí n tó dé ọsibítù ni Garland ti pè mí. “Ọta tó dì nílé ló wà nínú rẹ̀, àbí?” ó bèèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀. “Ọpẹ́ ni fún Olúwa,” ó ní, ó sì sọ fóònù kalẹ̀. Mo bá Lyle lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ pupa síbẹ̀ látàrí ata. Twila ti jáde lọ wá kọfí. Kò pè mí ní Tíṣà.

“Orrin,” ó ní. “Wọ́n ṣí ìbọn náà. Orí ọ̀kan nínú ọta mi ti yọ síta, òun ló há. Nígbà tí ìwọ dán tìrẹ wò, ṣé ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí?”

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Béárì kò sí níbẹ̀, Garland kò sí níbẹ̀. Kò sí ohun tó ń lé mi. “Rárá,” mo ní. “Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.”

Ó ní, “Nígbà náà, èmi ni.”

Ọ̀dàlẹ̀ lásán ì bá dákẹ́ níbẹ̀. Èmi kò dákẹ́. Mo ní, “Bóyá o ò fún ẹnu ìkarahun mọ́ ọn dáadáa. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.” Èmi tí mi ò di ọta kan ṣoṣo rí láyé mi, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń kọ́ Lyle Beckwith bí wọ́n ṣe ń dì í. Ó sì mi orí sí i. Ó gbà mí gbọ́ ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Ó ní, “Twila wà lẹ́yìn mi, Orrin. Ó kù díẹ̀ kí n pa ìyàwó mi.”

Ẹ rò pé èyí ló burú jù? Ẹ dúró. Ẹ ò tíì gbàgbé ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Twila ń wa píkọ́ọ̀pù, Lyle ń sọ̀kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù yín, ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan ni wọ́n fi pín-ìnì kọ́ sókè, àpótí pákó sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mo wá gba ọta mi.” Ilé dé ilé. Ẹlòmíràn nínú yín ní, “Lyle, fi í sílẹ̀, ti èmi kò ṣe nǹkan kan rí.” Ó ní, “Bí ọ̀kan bá wá ṣe é lọ́wọ́ ọmọ yín ńkọ́?” Kò kúrò lójú ọ̀nà yín títí ẹ fi kó o fún un. Ó wá sí tèmi náà. Páálí méjì ni mo ní, ọrẹ ọjọ́ ìbí mi ni. Mo ti yìn nínú ọta rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan kò já mi kulẹ̀ rí.

“Tìrẹ náà,” ó ní.

Mo wọlé. Mo dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé páálí méjèèjì sọ́wọ́, mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì Twila ń dún níta, mo mọ̀ pé bí mo bá lè rìn padà sẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ òfo, kí n sọ gbólóhùn kan péré, ọkùnrin yìí á lọ sílé gẹ́gẹ́ bí Lyle Beckwith. Mo rò ó. Mo ro ohun tí ẹ máa sọ nípa Ọwọ́ Irin ní ilé kọfí. Mo gbé páálí náà jáde. Kò lè fi ọwọ́ kan gbé ìdérí àpótí kó tún gba nǹkan, nítorí náà mo bá a gbé ìdérí, mo sì fi ọwọ́ ara mi to ọta rẹ̀ lé ti àwọn yòókù lórí. Ó gbá mi léjìká. “O ṣeun,” ó ní, “tí o ò jẹ́ kí n máa tan ara mi jẹ.” Ó wọ ọkọ̀ lọ. Gbólóhùn yẹn ni mo ń bá sùn láti ìgbà náà, kì í sì í jẹ́ kí n sùn.

Ó ta tábìlì rẹ̀. Ó ta àwọn ìbaaka. Kò wá síbi oúnjẹ àárọ̀ yìí mọ́, ẹ̀yin náà ò sì pè é. Ní ilé kọfí, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní ọtí ló ń mu nígbà tó ń dì wọ́n. Òmíràn ní ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì tipẹ́. Wọ́n yíjú sí mi, ọ̀mọ̀wé nínú ọ̀rọ̀ ìbọn, kí n dá sí i. Mo mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn, mo sì tún béèrè kọfí. Ìgbà kan wà tí ọkàn mi gbóná tí mo pe Garland pé mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. “Ọjọ́ wo nìyẹn?” ó ní. “Ó há bí? Èmi kàn ya àwòrán ni o, Orrin. Mi ò rí nǹkan kan.” Inú bí mi, ẹ̀yin ará. Mo ń rìn yí kíṣìnì ká, mo ń pariwo pé Garland ti dà mí, pé èèyàn burúkú ni, pé báwo ni ọ̀rẹ́ ṣe lè fojú rí nǹkan kó ní òun ò rí i! Ẹ wo ẹnu tó ń sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí aládùúgbò mi fi ọkọ̀ gbé mi lọ sílé Lyle. Twila da kọfí sí kọ́ọ̀bù, ó gbé e síwájú mi kí n tó yọ àkẹtẹ̀ mi, bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe ní agbègbè wa. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo parí, Twila na ọwọ́ kọjá iwájú mi, ó gbé kọ́ọ̀bù náà tí mi ò tíì fẹnu kàn, ó da kọfí rẹ̀ nù, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó sì gbé e kọ́ sára ìṣó rẹ̀.

“Ọta ìtajà ni?” Lyle bèèrè.

“Ọta ìtajà ni.”

“Tuntun?”

“Pápá ni mo ti ya páálí rẹ̀.”

Ó gbé ọwọ́ tó ṣẹ́kù sórí tábìlì, ó yí i padà, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ohun tó sọnù padà fún. “Mo ti dárí ji béárì yẹn,” ó ní. “Ó ti pẹ́. Béárì ò mọ̀ mí.” Ó wá gbójú sókè wò mí. “Ìwọ mọ̀ mí, Orrin. O rí mi tí mò ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹnu ọ̀nà rẹ ni mo ti kúrò lọ sí ilé àwọn Sorley tó tẹ̀ lé tìrẹ.”

“Lyle, dárí jì mí.”

“Èmi nìkan kọ́ ni kó o sọ ọ́ fún nínú kíṣìnì. Gbogbo àwọn tí mo lọ gba ọta lọ́wọ́ wọn ni kó o sọ ọ́ fún. Ìwọ ni tíṣà, kọ ọ́. Má sì ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́.”

“Kó o sì má padà wá síbí,” Twila wí. Kò yíjú padà níbi abọ́.

Mo ti kọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo ti ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́ níbì kan tàbí méjì. Àìsàn ni, ó sì ti pẹ́ jù láti wò ó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn níbẹ̀, tí ẹ ń fi ṣírọ́ọ̀pù ya àwòrán sínú abọ́, ẹ gbọ́ kinní kan lọ́wọ́ òkú ọ̀la. Ọta tí ẹ bá máa gbé wọ igbó ni kí ẹ fi dán ìbọn yín wò, kí ẹ sì yìn ín pọ̀ débi tó fi máa dùn yín. Bí àgbàlagbà tó dé àkẹtẹ̀ bá sọ fún yín pé ìbọn kan dára, ẹ béèrè ohun tó fi sínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì wúwo lẹ́nu rẹ̀, ẹ ní kó ṣí ìgò ata kíkan fún yín kẹ́ ẹ wò ó. Nígbà tí nǹkan bá há mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ má yára wo ọwọ́ rẹ̀.

Ní ti ìdáríjì, mi ò bẹ̀ yín fún tèmi. Lyle kò fún mi, kò sì yẹ kí ẹ fi èyí tí kì í ṣe tiyín tọrẹ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé bí ẹ bá jáde níbi oúnjẹ yìí, ẹ kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ má yà. Ilé Lyle ni kí ẹ yà sí. Ẹ sọ fún un pé ẹ wá tọrọ ọta. Bóyá kò ní lè dì í mọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bóyá ó máa lé yín. Bí ó bá lé yín, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kejì. Kí ó gbọ́ ọ láti ojúlé dé ojúlé, kí ó gbọ́ ọ títí yóò fi sú u, pé àwọn ènìyàn ń béèrè ọta Lyle Beckwith.